Orí Ta Ni A Gbé Ẹrù Náà Lé?

Ìbéèrè kan ni mo fẹ́ dáhùn nínú àròkọ yìí: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ènìyàn lọ sinmi nígbà tí ẹlòmíràn ń ṣe wàhálà kí ìsinmi náà lè ṣeé ṣe? N kò rí ìbéèrè yìí nínú ìwé kankan. Ẹ̀yìn ìwé ìṣirò mi ni mo ti rí i, níbi tí mo kọ ètò ìrìnàjò ìdílé wa sí ní oṣù Kẹta ọdún 2024. Mo kọ ọjọ́ tí a ó lọ, ọ̀nà tí a ó gbà, iye epo tí ọkọ̀ yóò mu àti oúnjẹ tí a ó gbé dání. Lókè ojú ìwé náà, mo kọ gbólóhùn kan, mo sì fa ìlà sí i nídìí: "Ènìyàn márùn-ún." Ènìyàn mẹ́fà ló ń gbé nínú ilé wa.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìdí tí a fi fẹ́ lọ. Ìjanikin ni à ń gbé, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì. Ní oṣù Kejì àti oṣù Kẹta ọdún náà, ooru mú ní gúúsù Nàìjíríà débi pé àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ kìlọ̀ fún ará ìlú. Ooru tiwa kì í ṣe ooru gbígbẹ. Omi ọ̀sà àti omi òkun wà nítòsí, nítorí náà ńṣe ni ooru máa ń lẹ̀ mọ́ni lára bí aṣọ tí a kò fún dáadáa. Bí iná bá lọ lóru, a ó kó ẹní jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọn á sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ooru.

Bàbá mi ń ṣiṣẹ́ ní Àpápá. Aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n máa ń jí, nítorí ẹni tí ilẹ̀ bá mọ́ bá ní Ìyànà-Ìbà ti pẹ́ dé ibi iṣẹ́ nìyẹn. Ọdún 2009 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í mú títì yìí gbòòrò, nígbà tí èmi ń rákò. Ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ṣètò pé kí ó dé Òkòkòmáíkò bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, ṣùgbọ́n Mile 2 ló ń dúró sí. Ìyá mi ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan lẹ́bàá títì, níbi tí wọ́n ti ń ta ohun mímu, búrẹ́dì, ìrẹsì àti gààrí. N kò rántí ọjọ́ tí wọ́n tì í pa láti òwúrọ̀ dalẹ́. Nígbà tí dókítà wọn ìfúnpá bàbá mi, ó sọ fún wọn pé kí wọ́n wá àyè sinmi. Wọ́n délé, wọ́n pè mí, wọ́n ní, "Ìwọ tí o mọ ìwé, wá ibi tó tutù fún wa. Ọjọ́ Ẹtì Rere ni a ó gbéra, ọjọ́ Ajé Àjíǹde ni a ó padà."

Inú mi dùn sí iṣẹ́ yìí púpọ̀. Mo kọ́kọ́ ronú kan Obudu ní ìpínlẹ̀ Cross River, nítorí òkè ibẹ̀ ga tó nǹkan bí 1,600 mítà. Mo ronú kan Jos, tó ga ju 1,200 mítà lọ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ mẹ́rin péré la ní, méjèèjì sì jìnnà sí Èkó. Mo tilẹ̀ ro ti Kpalimé ní ilẹ̀ Tógò, nítòsí Òkè Agou tó jẹ́ 986 mítà, tí kò sí òkè mìíràn tó ga jù ú lọ ní orílẹ̀-èdè náà. Ẹni tó ń gbé Ìjanikin kò jìnnà sí ẹnubodè Sẹ̀mẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní ẹnubodè méjì ni a ó gbà kọjá ní àlọ, méjì ní àbọ̀, a ó sì ti lo ìsinmi tán lórí ìlà. Ìkógòsì ní ìpínlẹ̀ Èkìtì ni mo wá mú, níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń sun láti inú ilẹ̀ tí wọ́n sì pàdé ara wọn.

Mo ṣe ìṣirò kan fún bàbá mi. Olùkọ́ wa nínú ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé ti kọ́ wa pé bí a bá gòkè ní 1,000 mítà, afẹ́fẹ́ máa ń fi nǹkan bíi dígírì mẹ́fà ààbọ̀ tutù sí i. Ìkógòsì fi mítà tó lé ní 400 ga ju etí òkun lọ. Nítorí náà, nǹkan bíi dígírì mẹ́ta péré ni òkè náà lè fún wa. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Mẹ́ta yẹn náà, mo fẹ́ ẹ."

Ẹni kẹfà nínú ilé wa ni ọmọbìnrin kan tí ọ̀rẹ́ bàbá mi mú wá bá wa gbé láti Èkìtì ní ọdún 2021. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí mo ń kọ ètò yìí. Ọdún méjì ni mo fi jù ú lọ. A fi í sí ilé-ìwé ìjọba. A kì í nà án, oúnjẹ tí à ń jẹ náà ló ń jẹ. Bí àlejò bá béèrè, a máa ń sọ pé ọmọ wa ni. Ṣùgbọ́n òun ló ń kọ́kọ́ jí lẹ́yìn bàbá mi. Òun ló ń pọn omi, òun ló ń ṣí ṣọ́ọ̀bù kí ó tó lọ sí ilé-ìwé, òun náà ló sì ń tì í lálẹ́. Nítorí náà, nígbà tí bàbá mi béèrè ẹni tí yóò dúró ti ṣọ́ọ̀bù, gbogbo wa la dárúkọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí olùkọ́ bá béèrè pé kí ni èjì lọ́nà èjì. Àwọn àbúrò mi ọkùnrin méjèèjì kò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí oúnjẹ.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì, mo jókòó sí ẹ̀yìnkùlé, mo ń ka ètò mi sókè: Ìbàdàn, Ilé-Ifẹ̀, Iléṣà, Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, Ìkógòsì. Ó ń fọ abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó ní, "Àǹtí, ẹ mú súwẹ́tà dání o. Láàárọ̀, kùrukùru máa ń bo àwọn òkè yẹn."

Mo ní, "Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ó ní, "Ẹ̀fọ̀n ni ilé wa."

Ó sọ ọ́, ó sì ń bá abọ́ tó ń fọ̀ lọ. Kò tọrọ nǹkan kan. Kò yí ojú padà. Èmi ni mo wo ìwé ọwọ́ mi, mo sì rí i pé mo ti kọ orúkọ ìlú tí ìyá rẹ̀ ń gbé sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibi tí a ó kàn sáré kọjá. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí kò débẹ̀. A fẹ́ lọ gba atẹ́gùn ilé rẹ̀, òun ni a sì fẹ́ fi sílẹ̀ sínú ooru kí ó máa ṣọ́ búrẹ́dì.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá ìyá mi. Ẹ má ṣe rò pé òǹrorò ni wọ́n. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n kà fún mi, ìdí gidi sì ni. Èkíní, ọjà Àjíǹde ni ọjà. Ẹni tó bá ti ṣọ́ọ̀bù pa lọ́jọ́ mẹ́rin yẹn ti fún aládùúgbò ní oníbàárà rẹ̀. Èkejì, epo bẹntiróòlù ti lé ní 600 náírà fún lítà kan, oúnjẹ àti ibùsùn ènìyàn kan sì tún lé e lórí. Ẹ̀kẹta, ọkọ̀ wa kò gbà ju ènìyàn márùn-ún lọ. Wọ́n wá fi ọ̀rọ̀ kan kún un tó mú mi dákẹ́: "Tí gbogbo ènìyàn bá gbọ́dọ̀ sinmi kí ẹnìkan tó sinmi, ta ni yóò sinmi láyé yìí? Bàbá rẹ ń ṣàìsàn."

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí fún ọjọ́ mélòó kan. Ohun tí mo rò ni mo fẹ́ tò sílẹ̀ báyìí.

Ohun àkọ́kọ́ ni pé ìsinmi kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Láti ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni a ti ń kọ́ wa láti fẹ́ràn iṣẹ́. Kò sí ọmọ Yorùbá tó kàwé tí kò mọ ewì tí J. F. Ọdúnjọ kọ nípa iṣẹ́ nínú Aláwìíyé. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa kan náà tí wọ́n kórìíra ọ̀lẹ ní ọjọ́ ọ̀sẹ̀ tí wọn kì í lọ sí oko. Wọ́n mọ̀ pé ara kì í ṣe òkúta. Òfin òde òní náà gbà bẹ́ẹ̀. Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ṣe ní ọdún 1948 ka ìsinmi mọ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ènìyàn nínú abala rẹ̀ kẹrìnlélógún. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà ní kí òṣìṣẹ́ tó bá ti lo oṣù méjìlá gba ìsinmi ọjọ́ mẹ́fà, ó kéré tán, láìdá owó rẹ̀ dúró. Nítorí náà, bàbá mi kò jí nǹkan ẹnikẹ́ni nígbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ sinmi. Lórí èyí, mo gbà pẹ̀lú ìyá mi.

Ohun kejì ni pé ẹrù kì í pòórá nítorí pé a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Omi tí n kò pọn, ẹlòmíràn ló pọn ọ́n. Nígbà tí a bá ń sọ pé à ń lọ sinmi, ohun tí à ń ṣe gan-an ni pé à ń gbé ẹrù wa fún ẹnìkan. Ìbéèrè tó yẹ ká bi ara wa ni pé: orí ta ni a gbé e lé?

Ìtàn ní àpẹẹrẹ kan tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an. Ní ìlú Freetown ní ilẹ̀ Sàró, níbi tí Àjàyí Crowther àti ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí wọ́n gbà lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú ti tún ayé wọn bẹ̀rẹ̀, àwọn òyìnbó ìjọba kọ́ àdúgbò kan sórí òkè ní ọdún 1904, wọ́n sì pè é ní Hill Station. Wọ́n ti mọ̀ nígbà náà, láti inú iṣẹ́ Ronald Ross, pé ẹ̀fọn ló ń gbé ibà kiri. Dípò kí wọ́n bá ìlú gbogbo gbógun ti ẹ̀fọn títí yóò fi tán, àwọn ọ̀gá sá lọ sí ibi tó tutù. Wọ́n la ọ̀nà ọkọ̀ ojú irin kékeré kan tí yóò máa gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ lọ síbi iṣẹ́, tí yóò sì máa gbé wọn gòkè padà nírọ̀lẹ́. Wọn kò gbà kí ọmọ ilẹ̀ náà kọ́lé sí àárín wọn. Ṣùgbọ́n ta ló ń fọ aṣọ wọn? Ta ló ń se oúnjẹ wọn? Àwọn ènìyàn tí wọ́n fi sílẹ̀ nínú ooru àti ibà ní ìsàlẹ̀ náà ni. Ọmọ ilẹ̀ lè gun òkè lọ ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n kò lè gùn ún lọ sinmi.

Nígbà tí mo kà á, mo bínú sí àwọn òyìnbó náà. Lẹ́yìn náà ni mo rántí ìwé ìṣirò mi. Ṣé ohun tí èmi náà kọ kọ́ nìyẹn: "Ènìyàn márùn-ún"?

Àwọn ọlọ́gbọ́n ayé àtijọ́ náà kò bọ́ nínú àṣìṣe yìí. Inú èdè Gíríìkì ni àwọn òyìnbó ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe ilé-ìwé, ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà níbẹ̀rẹ̀ sì ni àyè ìsinmi, nítorí wọ́n gbà pé ẹni tí kò ní àyè kò lè ronú. Aristotle yin irú àyè bẹ́ẹ̀ púpọ̀. Ṣùgbọ́n Aristotle kan náà ló kọ ọ́ pé a dá àwọn kan láti jẹ́ ẹrú. Ó rí adùn ìsinmi, kò rí ẹni tó ru ẹrù rẹ̀. Àwa Yorùbá mọ irú ìfọ́jú yìí. A ní òwe tó sọ ọ́ láìfi bò: ọmọ ọlọ́mọ là ń rán níṣẹ́ dé tòru-tòru. Òwe náà kò yìn wá. Ńṣe ló ń fi wá hàn.

Ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá mi ṣì wà nílẹ̀. Bí gbogbo ènìyàn kò bá lè sinmi lẹ́ẹ̀kan náà, ṣé kí bàbá mi máa kú lọ ni? Rárá o. Nọ́ọ̀sì ní láti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ ọdún, awakọ̀ náà ní láti wà ọkọ̀. Mo rò pé ohun mẹ́ta ló ya ẹni tó bá wa ru ẹrù sọ́tọ̀ sí ẹni tí a di ẹrù lé lórí. Èkíní, ǹjẹ́ ó lè sọ pé òun kò ṣe? Èkejì, ǹjẹ́ ó gba nǹkan kan fún un? Ẹ̀kẹta, ǹjẹ́ ọjọ́ tirẹ̀ ń bọ̀, tí àwa náà yóò ru ẹrù tirẹ̀? Nọ́ọ̀sì tó ń gba owó oṣù, tí ìsinmi tirẹ̀ ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọmọbìnrin inú ilé wa kò lè dáhùn "bẹ́ẹ̀ ni" sí ẹyọ kan. Kò lè kọ̀, nítorí abẹ́ òrùlé wa ló ń sùn. Kò gba owó. Ọdún mẹ́ta ni kò sì fi rí ọjọ́ tirẹ̀. Bẹ́ẹ̀, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti ọdún 2003, tí ìpínlẹ̀ Èkó náà sọ di òfin tirẹ̀ ní ọdún 2007, sọ pé ọmọdé ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi àti eré. Òfin náà kò sọ pé ọmọ tí a bí nínú ilé nìkan.

Ní ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú ìrìnàjò, mo sọ fún àwọn òbí mi pé kí n dúró sílé, kí ó lọ rọ́pò mi. Bàbá mi dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi ìyá mi pé, "Nígbà tí a lọ síbi ìgbéyàwó ní Àgbádárìgì, ènìyàn mélòó ló wà nínú ọkọ̀ yẹn?"

Méje ni wá lọ́jọ́ náà. Ìyá mi kò dáhùn. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, wọ́n dín iye búrẹ́dì tí wọ́n fẹ́ gbà fún ọ̀sẹ̀ Àjíǹde kù.

Ènìyàn mẹ́fà ló lọ. Àbúrò mi tó kéré jù jókòó lé mi lẹ́sẹ̀ láti Ìjanikin dé Èkìtì, nǹkan bíi wákàtí méje. Kí owó lè tó, a dín òru mẹ́ta kù sí òru méjì. Nígbà tí a kọjá Iléṣà tí àwọn òkè bẹ̀rẹ̀ sí í yọrí, ọmọbìnrin náà tó ti ń sùn jí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dárúkọ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. N kò gbọ́ kí ó sọ̀rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ rí. Ní Ẹ̀fọ̀n, ìyá rẹ̀ jáde síta pẹ̀lú iyẹ̀fun lọ́wọ́. Kò kí wa lákọ̀ọ́kọ́. Ó dúró ti ọmọ rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e lórí, ó fà á wá sí èjìká ara rẹ̀ láti mọ ibi tó ga dé. Ìgbà tó lọ, kò tó bẹ́ẹ̀. Ìyá mi yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kejì.

A fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, àwa lọ sí Ìkógòsì. Bàbá mi sùn lọ́jọ́ Àbámẹ́ta títí di aago mẹ́sàn-án. Mo ti ẹsẹ̀ kan bọ omi gbígbóná, mo ti ìkejì bọ omi tútù, gẹ́gẹ́ bí gbogbo ẹni tó bá débẹ̀ ti í ṣe. Láàárọ̀ kùtù, mo rí obìnrin kan tó ń gbá ewé kúrò lójú ọ̀nà kí àwa àlejò tó jí. Mo kí i, mo sì bi í bóyá ó máa ń sinmi. Ó ní ìsinmi òun di ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ọkàn mi sì balẹ̀.

Nígbà tí a padà dé Ẹ̀fọ̀n lọ́jọ́ Àìkú, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ níwájú ìyá mi. Ó ní ẹ jọ̀ọ́, kí òun dúró títí ilé-ìwé yóò fi wọlé fún sáà kẹta. Ìyá mi wo ìyá rẹ̀, wọ́n wo èmi náà. Wọ́n ní, "Dúró. Àǹtí rẹ máa ṣe é."

Èmi ni mo ṣe é. Fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, aago márùn-ún ìdájí ni mo ń jí. Mo pọn omi, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù, mo ti ṣọ́ọ̀bù. Ní ọjọ́ kẹta, ọrùn ń dùn mí. Ní ọjọ́ karùn-ún, mo sùn lórí ìjókòó, ọmọ kan sì gbé bísíkíìtì sá lọ. Mo ti ń gbé inú ilé kan náà pẹ̀lú ẹrù yìí fún ọdún mẹ́ta, n kò mọ bó ti wúwo tó. Nígbà tí ó padà dé, a pín in: èmi ni mo ń pọn omi, àwọn àbúrò mi ń fọ abọ́, òun ń ṣí ṣọ́ọ̀bù, ìyá mi ń tì í. Gbogbo ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn ni yóò sì máa lọ sí ilé.

Nítorí náà, ìdáhùn mi sí ìbéèrè tí mo bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀ nìyí. Ó tọ́ kí ènìyàn sinmi. Kò dìgbà tí gbogbo ayé bá sinmi tán. Ṣùgbọ́n kí ó tó di ẹrù ìrìnàjò, kí ó kọ́kọ́ ka àwọn tó wà nínú ilé. Bí iye tó wà nínú ilé bá ju iye tó wà lórí ìwé ètò lọ, kí ó béèrè ìdí, kí ó má sì gba ìdí tó rọrùn. Àwọn àgbà ní ibi tó bá wúwo ni ẹlẹ́rù ń gbé. Àwa la ni ẹrù náà.